Gbèsè Àlejò ní Pápá Ìṣeré

Ní ilẹ̀ wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa Ifẹ̀ ní Atakpamé, kò sí ọmọ tí a kò kọ́ ní ohun tí à ń ṣe fún àlejò. A ó kí i káàbọ̀, a ó fún un ní ìjókòó, a ó bu omi fún un kí a tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá, a ó sì sìn ín sọ́nà nígbà tí ó bá ń lọ. Àlejò náà mọ ojúṣe tirẹ̀: kì í ṣe àfojúdi sí onílé, kì í ṣí ohun tí a bò, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ tí a kò pè é sí. Ṣùgbọ́n irú àlejò kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Òun ni ẹni tí ó rìnrìn-àjò wá sí ìlú ẹlòmíràn, tí ó sanwó kí ó tó wọlé, tí ó jókòó láàrin àwọn onílé, tí ó sì ń gbàdúrà lójú wọn pé kí wọ́n pàdánù. Alátìlẹ́yìn tí ó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sí pápá ìṣeré àwọn ẹlòmíràn ni à ń sọ. Kí ni gbèsè tí onílé jẹ irú àlejò bẹ́ẹ̀? Kí ni gbèsè tí òun náà jẹ onílé?

Kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn àríyànjiyàn ni a ṣe gbé ìbéèrè yìí dìde. Ó ti di ẹrù lórí wa láti ọdún 2019, a sì rò pé ó yẹ kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, àwa méjìlá gbéra ní Àjàṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ. Benin àti Tógò ni yóò pàdé ní pápá ìṣeré Kégué ní Lomé, nínú ìdíje tí wọn yóò fi yan àwọn tí yóò lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 2019. A la Kútọ̀nú kọjá, a dé ààlà ní Hilla-Condji, ààlà tí àwọn Faransé àti àwọn Jámánì fọwọ́ sí láàrin ara wọn ní ọdún 1897 láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wo ìwé wa, wọ́n wo aṣọ tí a wọ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a fi ayọ̀ wa pamọ́ sọ́dọ̀ òun, pé a ó gbà á padà bí a bá ń bọ̀, nítorí pé kò ní wúlò fún wa ní Lomé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ní Kégué ni pé aṣọ wa àti aṣọ àwọn onílé fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa ni tiwa. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa náà ni tiwọn. Ìràwọ̀ funfun kan ṣoṣo ni àsíá Tógò fi ju tiwa lọ. Nígbà tí a ó fi débẹ̀, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò ti kún, a sì bá ara wa láàrin àwọn onílé. Àwọn ọ̀dọ́ kan yíjú sí wa, wọ́n ń wò wá bí ẹni pé a wá gbé ohun ìní wọn lọ.

Bàbá kan tí ó jókòó nísàlẹ̀ wa ló gbọ́ tí a ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó yíjú padà, ó sì kí wa ní èdè Ifẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ ní Atakpamé. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó sọ ni ó yé wa, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a sọ ni ó yé e, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó yé wa tó fún ìkíni àti ìdáhùn. Ó ra omi ọ̀rá méjìlá, ó pín in kàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ní èdè Mina, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún kí a lè rí àyè jókòó. Nígbà tí a bi í léèrè ohun tí ó sọ, ó ní: “Mo ní àlejò mi ni yín.”

Ní ìgbà náà, Écureuils ni à ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Benin, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́. Ọdún 2022 ni wọ́n yí i padà sí Guépards. Éperviers ni ti Tógò, èyí tí í ṣe àṣá. Bàbá náà wò wá títí, ó ní: “Ẹ mu omi yín dáadáa o. Àṣá tiwa kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ.” Ẹ̀gbọ́n tí ó dàgbà jù nínú wa dìde díẹ̀, ó fèsì pé: “Bàbá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Ẹ ṣáà bá wa sọ fún àṣá yín pé inú ihò igi ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń sùn, ẹnu ihò náà kò sì gba ìyẹ́ apá.” Gbogbo ìlà ìjókòó náà bú sẹ́rìn-ín, tiwọn tiwa.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù títí, kò sí góòlù, òdo sí òdo. Ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá súnmọ́ ilé tiwọn, àwa ń pariwo. Bí ó bá súnmọ́ ilé tiwa, bàbá náà ń fò dìde. Kò ṣe bí ẹni pé òun fẹ́ kí a borí, àwa náà kò sì ṣe àgàbàgebè fún un. Nígbà tí eré parí, ó sìn wá dé ibi tí ọkọ̀ wa wà, ó ní àlejò kì í dá rìn ní ìlú tí kò mọ̀. A dúpẹ́, a wọkọ̀, a lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ará Tógò ni ó kàn láti wá. Kútọ̀nú ni wọ́n wá, sí pápá ìṣeré tí gbogbo wa mọ̀ sí Stade de l'Amitié. Ọ̀rọ̀ ti le nígbà náà, nítorí pé ẹni tí ó bá borí lọ́jọ́ yẹn ni yóò bá Algeria lọ sí Íjíbítì. Àwa méjìlá tí a lọ sí Lomé náà ni a tún jókòó pọ̀. Nísàlẹ̀ wa ni àwọn àlejò díẹ̀ jókòó sí, lára wọn ni ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ, tí ó wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè tí ó tóbi jù ú lọ.

Benin 2, Tógò 1. Nígbà tí fèrè ìparí dún, ayọ̀ náà kò ṣeé fẹnu sọ. A dì mọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ní àárín ayọ̀ yẹn ni ọ̀kan nínú wa dá orin kan sílẹ̀. A kò ní kọ ọ̀rọ̀ orin náà síhìn-ín. Kò sọ nípa bọ́ọ̀lù, kò sọ nípa àṣá tàbí ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí ó sọ ni irú ènìyàn tí àwọn ará Tógò jẹ́ àti ilé tí wọ́n ti jáde wá. Àwa yòókù gbè é. Bí a ti ń gbè é ni ẹnì kan lẹ́yìn wa ju omi ọ̀rá sísàlẹ̀, ó bà ìyá náà ní èjìká, ó bẹ́, omi dà sí ọmọ náà lórí. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó wò wá, ó sì dájú pé àwa gan-an ni ó ń wò, nítorí pé àwa ni a ń kọrin. Ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu orí ọmọ náà, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Omi ọ̀rá ni bàbá Ifẹ̀ ní Lomé fi gbà wá lálejò. Omi ọ̀rá náà ni ó ba ìyá yìí lábẹ́ ojú wa. A kò sọ èyí fún ara wa lọ́jọ́ náà, inú wa dùn jù. Inú ọkọ̀, nígbà tí a ń padà lọ sí Àjàṣẹ́, ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà sọ ọ́, gbogbo wa sì dákẹ́.

Láti ìgbà náà a ti gbọ́ àwáwí mẹ́ta, láti ẹnu ara wa ni a sì ti gbọ́ wọn. Ó tọ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwáwí kìíní ni pé àwa kọ́ ni a ju ọ̀rá náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tí ó ju ọ̀rá kì bá tí jù ú bí kò bá sí ariwo tí ó lè fara pamọ́ sí. Orin wa ni ó fún un ní ibi ìfarapamọ́. Ohun tí ó burú nínú èrò rẹpẹtẹ ni pé ó ń jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé ìdá kékeré ni tòun, pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹgbàá ènìyàn bá pín kò ní tó nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ náà dé bá kò gba ìdá kékeré: odindi ni ìyá yẹn gbà á.

Àwáwí kejì ni pé eré ni, àti pé pápá ìṣeré kì í ṣe ilé ìjọsìn. Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àwa Yorùbá kì í ṣe ẹni tí kò mọ yẹ̀yẹ́ ṣe. Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ̀ ṣẹ̀sín títí àwọn tí ń wòran yóò fi di ìhà mú. Ní Kétu, a ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, tí ó sì jẹ́ ti Benin, ti Nàìjíríà àti ti Tógò pa pọ̀. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, eégún a máa fi orin tú àṣírí ọ̀lẹ, olè àti aláṣejù síta níwájú gbogbo ìlú, kò sì sí ẹni tí ó lè mú un sí i. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé kí a má ṣe fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ ní pápá ìṣeré, a ó ní kí ó lọ jókòó sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀fẹ̀ ń ṣe dáadáa. Ẹ̀fẹ̀ ń mú ohun tí ènìyàn ṣe, ó ń gbé e yẹ̀wò. Ẹni tí ó jalè ni yóò gbọ́ orin olè. Bí ó bá jáwọ́, orin náà yóò kúrò lórí rẹ̀. Èébú kò rí bẹ́ẹ̀. Èébú ń mú ohun tí ènìyàn jẹ́, ibi tí wọ́n gbé bí i, ohun tí kò lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá Ifẹ̀ ní àṣá yóò jẹ ọ̀kẹ́rẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wa láti fèsì, a sì fèsì. Orin tiwa ní Kútọ̀nú kò ní ilẹ̀kùn kankan. Kí ni ìyá náà ì bá fi fèsì? Kí ni ọmọ ọdún mẹ́jọ ì bá sọ? Ibi tí a fi ń mọ ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí èébú nìyẹn: bí ẹni tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ bá lè dá a padà kí ó sì bá wa rẹ́rìn-ín, eré ni. Bí ó bá jẹ́ pé kíkúrò níbẹ̀ nìkan ni èsì tí ó kù fún un, eré ti tán.

Àwáwí kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò rárá. Àlejò ni ẹni tí ó fẹ́ ire onílé. Ẹni tí ó wá wo ìṣubú wa, ọ̀tá ni, a kò sì jẹ ọ̀tá ní omi. Ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyí, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ohun tí a rí fèsì ni èyí. Àwọn baba wa ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹni tí ó fẹ́ kí a pàdánù eré kò fi dandan fẹ́ kí a pàdánù ohun mìíràn. Bàbá Ifẹ̀ fẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ kú lórí pápá, ó sì fẹ́ kí àwa méjìlá délé láyọ̀. Kò sí ìjà láàrin ìfẹ́ méjèèjì yìí nínú ọkàn rẹ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, onílé nílò àlejò yìí. Kí ni ìṣẹ́gun jẹ́ bí kò bá sí ẹni tí ó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a ṣẹ́gun láti jẹ́rìí sí i? Ẹni tí ó dá nìkan ta ayò, tí ó ń ti ìhà ọ̀tún dé ìhà òsì, lè pa gbogbo ọmọ ayò tí ó wà nínú ọpọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀ta. Àlejò tí ó jókòó láàrin wa, tí ó rí i pé a borí, tí ó sì padà sílé lọ sọ ọ́, òun ni ó sọ ìṣẹ́gun wa di òtítọ́ ní ìlú àwọn ẹlòmíràn. Ìyá yẹn gbé owó ọkọ̀, ó sanwó ìwọlé, ó wá jẹ́rìí sí ọjọ́ ayọ̀ wa. Ohun tí ó mú lọ sílé lẹ́nu ń kọ́?

Àwọn ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àlejò yìí. Ní Ajẹntínà, ní ọdún 2013 ni wọ́n fòfin de àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ àlejò nínú ìdíje líìgì wọn, nítorí ìwà ipá. A kò lè dá ìjọba tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ni: ìlú kan ń sọ pé òun kò lè gba àlejò mọ́.

Ohun tí ó sì ń ti ibẹ̀ wá kì í ṣe omi ọ̀rá nìkan. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2012, ní Port Said ní Íjíbítì, ẹgbẹ́ Al-Masry borí Al-Ahly tí ó wá láti Kairo, góòlù 3 sí 1. Onílé ni ó borí. Síbẹ̀, nígbà tí fèrè dún, àwọn kan ya wọ ibi tí àwọn àlejò jókòó sí, ènìyàn 74 sì kú. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ìpàdánù ni ó fa ìyẹn. Níhìn-ín ní Kútọ̀nú, ní oṣù kìíní ọdún 2005, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà borí àwọn ọ̀dọ́ wa, ìròyìn tàn ká pé àwọn alátìlẹ́yìn lu aṣọ́lé wa, ọmọkùnrin ọdún 18, ní àlùpa. Kì í ṣe àlejò ni wọ́n pa, ọmọ ilé ni. Ọwọ́ tí a kò kó ní ìjánu kì í béèrè ẹni tí ó jẹ́ àlejò àti ẹni tí ó jẹ́ ọmọ wa kí ó tó balẹ̀.

A kò sọ pé orin wa tó èyí. A ń sọ pé ojú ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún ronú lórí ohun kan. Onílé kì í ṣe onílé títí láé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, Benin borí Nàìjíríà, 2 sí 1, nínú ìdíje àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Àwa ni a jẹ́ onílé nínú ìwé. Ṣùgbọ́n Abidjan ni a ti gbá a, ní pápá ìṣeré Félix Houphouët-Boigny, ní ilé onílé, nítorí pé kò sí pápá tiwa tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà náà. Onílé tí ó ń gba àlejò nínú ilé tí òun náà ti jẹ́ àlejò, irú rẹ̀ ni wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Kétu àti Àjàṣẹ́ ni ó sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní òdìkejì ààlà, tí wọ́n wọ aṣọ Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Aṣọ tí a wọ̀ sọ ẹni tí a fẹ́ kí ó borí. Kò sọ ẹni tí a jẹ́.

Òwe kan wà tí a máa ń pa bí ẹni ń ṣàwàdà: ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ohun tí ó túmọ̀ sí fún onílé ni pé a ń yáwó ṣe àlejò lọ́jọ̀, kí a tó wá máa san án nígbà tí ó bá ti lọ. Ó ní ìtumọ̀ mìíràn fún wa nísinsìnyí. Àwa ni a jẹ gbèsè ní Lomé, lójú bàbá tí a kò béèrè orúkọ rẹ̀. A kò lè san án fún un. Ẹni tí Ọlọ́run rán wá gba owó náà ni ìyá tí ó jókòó nísàlẹ̀ wa ní Kútọ̀nú, a sì mọ ohun tí a fi ránṣẹ́ sí i.

Ṣé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ṣeé san? A ti jiyàn lórí rẹ̀ láàrin ara wa. Ọ̀kan nínú wa ní kò ṣeé san mọ́, nítorí pé ìyá náà kò ní mọ̀ láéláé pé a kábàámọ̀, ìkábàámọ̀ tí ẹni tí a ṣẹ̀ kò gbọ́ kò sì mú omi gbẹ lórí ọmọ rẹ̀. Àwa yòókù gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Síbẹ̀ a kò gbà pé kí a tìtorí bẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró. Bí oore bàbá yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa láìjẹ́ pé a ṣe é lóore rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó ti ọ̀dọ̀ wa kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ṣe wá lóore rí.

Nítorí náà, ní ìgbà mélòó kan tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú mìíràn wá sí pápá ìṣeré Charles de Gaulle ní Àjàṣẹ́, a yan ẹni méjì láàrin wa láti gbé omi lọ sí ibi tí àwọn àlejò jókòó sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n fura sí wa, wọ́n wo ọ̀rá náà yíká bóyá a ti fi abẹ́rẹ́ gún un. Arákùnrin kan wá gbà á, ó mu ún, ó ní omi yìí dára, pé a ó nílò èyí tí ó kù láti fi nu omijé lẹ́yìn eré. A ní kí ó máa retí. Ní ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n borí. Bí ó ti ń jáde, ó wá wa rí, ó sì na ọ̀rá omi kan sí wa pẹ̀lú ẹ̀rín. A gbà á. Ó bi wá pé kí ni orúkọ wa, a sọ ọ́ fún un, àwa náà sì béèrè tirẹ̀.